Ẹ má tíì bínú sí pirojẹ́kítọ̀ o, ẹ yẹ lẹ́ǹsì ẹ̀ wò ná!

Owó ńlá ni bàálé ilé á kó sílẹ̀ ra pirojẹ́kítọ̀, á pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wáá wo bọ́ọ̀lù nílé òun lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó ti dín ẹran, bíà ti tutù, ni wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Àṣé wàhálà ló ń bọ̀! Òkè àwòrán fẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ fún, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù sì rí bàìbàì bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú ọyẹ́. Ibẹ̀ ni bàálé ilé yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fẹ́ni tó ta ọjà fún un. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe ọjà, lẹ́ǹsì ojú ẹ̀ ni wọn ò tò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí fíìmù 'Àjàní Ògún' tí Adé Love kópa nínú ẹ̀ jáde ní 1976, àti 'Ọ̀run Móoru' ti Baba Sálà ní 1982, inú gbọ̀ngàn làwọn èèyàn ti ń lọ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lára aṣọ funfun. Láìsí ẹni tó máa yí lẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn títí tójú àwọn òṣèré yóò fi hàn, òfò ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Lónìí, bàálé ilé fúnra ẹ̀ ló di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Téèpù ni kó kọ́kọ́ mú, kó tó náwó rárá. Nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní throw ratio. Bó bá jẹ́ 1.5, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ kí àwòrán fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 gbọ́dọ̀ gbé lẹ́ǹsì jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹni tí pálọ̀ ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, kó yáa gba àwòrán tó kéré, tàbí kó ra èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ wálẹ̀. Zoom lè tún un ṣe díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ yàrá di gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá sì sọ fífẹ̀ àwòrán di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni yóò tàn sí ibi tó tó ìlọ́po mẹ́rin; bàìbàì ló máa dà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á gbé ẹ̀rọ sórí sítúùlù, wọ́n á fi ìwé tì í nídìí kó lè wòkè. Bí àwòrán bá wọ́, wọ́n á tẹ bọ́tìnì keystone. Lóòótọ́, á gún, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ńṣe lẹ̀rọ ń fún àwòrán pọ̀, tó sì ń pa àwọn kan tì lára àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó fi ń yà á. Dídán tí wọ́n torí ẹ̀ sanwó ló ń lọ yẹn. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ̀rọ dúró gbọọrọ, kí lẹ́ǹsì kọjú sí ògiri tààrà. Èyí tó bá ní lens shift, lẹ́ǹsì ẹ̀ ló máa ń sún nínú ẹ̀rọ. Àwòrán á lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì ní wọ́.

Focus ló kẹ́yìn. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 30, torí bí lẹ́ǹsì bá gbóná, ó lè yí díẹ̀. Kí wọ́n gbé lẹ́tà kéékèèké sójú àwòrán, kí ẹnì kan dúró nítòsí ògiri, kí ẹnì kejì máa yí i. Bó bá ṣì rí bàìbàì, eruku ni kí wọ́n fura sí. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kó tutù, kí wọ́n fẹ́ eruku kúrò, kí wọ́n wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu ìgò ojú nù ún. Kì í ṣe itọ́, kì í ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì o! Kí ọmọdé má sì wo inú lẹ́ǹsì tí iná bá wà lára ẹ̀, ojú ò ní àrọ́pò.

Bí gbogbo èyí bá ti wà létò, kí bàálé ilé tó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ bá wá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, kò sí lẹ́ǹsì tó lè tún ìyẹn ṣe!