Ṣé ètò kọ̀ǹpútà ni Excel àbí tábìlì lásán?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé èsì àyẹ̀wò àwọn 15,841 tó ní àrùn Kòrónà ti fò wọ́n ru nínú àkọsílẹ̀. Kí ló fà á? Fáìlì Excel oríṣi àtijọ́ ni wọ́n ń kó èsì sí, ìlà 65,536 péré ló sì lè gbà. Èyí tó bá lé, ó dànù nìyẹn. Àwọn aláìsàn náà gbọ́ èsì tiwọn o, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti jọ wà pọ̀ kò tètè gbọ́.

Àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ láàárín àwọn tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà: kí gan-an là ń pè ní ètò? Àwọn kan ní ohun tí èèyàn bá fi èdè bíi Python kọ ni, pé tábìlì lásán ni Excel. Àwọn mìíràn ní tíṣà tó bá kọ =IF(B2>=40,"Yege","Kùnà") sídìí máàkì ọmọ ilé ìwé ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà: bó bá rí báyìí, ṣe báyìí. Ètò ló kọ yẹn, bí kò tiẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló jọ pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020 kan náà ni Microsoft kéde LAMBDA fún Excel, tó ń jẹ́ kí èèyàn ṣẹ̀dá àṣẹ tirẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sì máa pè é lò. Kí ló tún kù?

Ìjà orúkọ lásán kọ́ o. Ohun tí iléeṣẹ́ bá kà sí ètò, wọ́n sábà máa ń dán an wò, ẹlòmíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó. Fáìlì Excel ńkọ́? Ẹni tó ṣe é nìkan ló sábà máa ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.