Henry Carr: ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ mọ̀wé

Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn ọmọ Yorùbá kan tó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láyé àtijọ́, tó sì ṣiṣẹ́ kí ilé-ìwé lè wà fún tolówó tòtòṣì.

Èkó ni wọ́n ti bí Henry Carr, ní ọdún 1863. Ẹ̀gbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn Sàró tó padà wálé. Ó lọ kàwé ní Fourah Bay, ní Freetown. Ní 1882, ó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ó tún kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1885, ó padà sí Èkó, ó di olùkọ́. Ní 1889, ìjọba gbà á síṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di alábẹ̀wò àwọn ilé-ìwé.

Kí ló rí níbẹ̀? Ó rí i pé ilé-ìwé àwọn ìjọ Kristẹni ló pọ̀ jù. Àwọn Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé, bí ọmọ àwọn bá lọ síbẹ̀, wọn yóò sọ ọ́ di Kristẹni. Nítorí náà, wọ́n ń fi ọmọ sílé. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ìmọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Kristẹni ni Carr fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ní 1899, ìjọba dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó. Ọmọ ń kọ́ ìwé níbẹ̀, kéú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ní 1909, wọ́n ṣí King's College ní Èkó. Carr wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀.

Ó kú ní 1945. Ìwé tó kó jọ sílé tó bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún (18 000). Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ti yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Bí ẹnì kan kò bá rán ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé, ẹ má kàn bú u. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dẹ́rù bà á. Bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ lè wá ọ̀nà sí i.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ló mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi ọmọ wọn sílé?
2. Ní abúlé yín, kí ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti kàwé? Kí ni ẹ lè ṣe sí i?