Òmìnira Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ọwọ́ Àjèjì

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà Kurd bá dé etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni ó máa ń tẹ̀lé e: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tí ó ń wá òmìnira? Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè lójú ẹni tí ó jókòó sí Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìlú yìí gan-an ti jẹ́ olú-ìlú ìjọba olómìnira tí ìwé àdéhùn jẹ́rìí sí. Àjèjì ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé; àjèjì kan náà ni ó sì gba òmìnira náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1914.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Ẹ̀gbá ní òmìnira. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní abẹ́ Ọ̀yọ́, Lísàbí kó àwọn ọ̀dọ́ jọ bí ẹni tí ó ń ṣe àáró lásán. Ẹgbẹ́ oko náà di ẹgbẹ́ ogun, wọ́n sì pa àwọn aṣojú Ọ̀yọ́ tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìjọba òde kankan tí ó bá wọn dá sí i. Lẹ́yìn tí ogun tú àwọn ìlú wọn ká, Ṣódẹkẹ́ ni ó ṣáájú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830.

Ìrànlọ́wọ́ àjèjì dé ní ọdún 1851. Gezo, ọba Dàhòmì, gbógun ti Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ẹ̀tù àti ọta ránṣẹ́ sí ìlú, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, Thomas Jefferson Bowen, sì wà níbẹ̀ tí ó ń gba àwọn ológun nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn ni ó dúró lórí odi ní ìhà Àrò. A gbọ́ pé nígbà tí wọ́n rí i pé obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun tí ó ń gun odi, ìtìjú mú kí ìjà náà le sí i. Dàhòmì sá padà. Nígbà tí Glele tún gbé ogun dé ní ọdún 1864, bákan náà ni ó rí.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá? Ó fẹ́ kí òwò ẹrú dópin, ó sì fẹ́ epo pupa àti òwú. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ọ̀rẹ́ ní èrè tirẹ̀ lọ́kàn, bí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ bá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 náà ni wọ́n fi ìbọn àgbá fọ́ Èkó. Ní ọdún 1861 wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó ni ó lé wọn kúrò. Ọ̀rẹ́ àná ti di ọ̀tá. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbínú ìlú bọ́ sórí àwọn míṣọ́nnárì, tí a fọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí a sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni a ń pe ọdún náà títí di òní.

Àwọn kan nínú ìlú rò pé alágbára mìíràn lè jẹ́ ààbò. Ní ọdún 1888 wọ́n bá ará Faransé kan, Viard, ṣe àdéhùn. Faransé kò tẹ́wọ́ gbà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó láàárín ara wọn, wọ́n pààlà, Abẹ́òkúta sì bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. A kò pe Ẹ̀gbá sí ìjókòó náà.

Ìwé àdéhùn tí Gómìnà Carter mú wá ní oṣù Kìíní ọdún 1893 ni ó yẹ kí olùkọ́ fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbá ṣèlérí pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún òwò, àwọn kì yóò fi ènìyàn rúbọ mọ́, àwọn kì yóò sì fún ìjọba òkèèrè mìíràn ní ilẹ̀ láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Ẹ̀gbá jẹ́ olómìnira níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn mọ́. Ta ni yóò sọ bóyá wọ́n pa á mọ́? Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Níbẹ̀ ni ìdẹ wà.

Síbẹ̀, Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1898 ṣiṣẹ́: ó ní kóòtù tirẹ̀, ó ń gba owó bodè, ó ń la ọ̀nà. Aláké Gbádébọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1904, ó sì rí Ọba Edward Keje. Ní ọdún 1904 náà ni Ìjọba Ẹ̀gbá yọ̀ǹda díẹ̀ nínú agbára ìdájọ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjemọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ọdún 1914, àgbàlagbà kan tí ó tako ìjọba kú sínú àhámọ́, àwọn ará Ìjemọ̀ sì ní kí a yọ Adégbóyèga Ẹdun, akọ̀wé ìjọba, kúrò. Ìjọba Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ ni ó ké sí sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n yìnbọn fún àwọn ènìyàn. Olúwo Ìjemọ̀ wà lára àwọn tí ó kú. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, a ti fagi lé àdéhùn 1893.

Àwọn Kurd mọ irú ìtàn yìí. Àdéhùn Sèvres ti ọdún 1920 là ọ̀nà orílẹ̀-èdè fún wọn. Ti Lausanne ní ọdún 1923 kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ní ọdún 1991, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dáàbò bo àwọn tí ó wà ní àríwá Ìráàkì, ìyẹn sì gba ẹ̀mí là. Nígbà tí àwọn kan náà dìbò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, tí ó lé ní méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì yan òmìnira, kò sí ọ̀kan nínú àwọn aláàbò náà tí ó tì wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá, ọmọ ogun Ìráàkì gba Kirkuk lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá sọ pé kí àjèjì má ṣe dá sí i rárá gbọ́dọ̀ dáhùn fún odi Àrò ní ọdún 1851. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ó wá gbọ́dọ̀ dáhùn fún Ìjemọ̀. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé, ní Àrò, gbogbo ìlú ni a fi ẹ̀tù ràn lọ́wọ́ sí ọ̀tá tí ó ti òde wá. Ní Ìjemọ̀, apá kan ìlú ni ó ké sí ìbọn àjèjì sórí apá kejì.

Nígbà tí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe mú kí Ẹ̀gbá dìde ní ọdún 1918, nínú èyí tí a ń pè ní Ogun Adúbí, wọ́n hú irin ọ̀nà rélùwéè, wọ́n já wáyà, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Lára àwọn sójà tí a fi pa iná ọ̀tẹ̀ náà ni ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé, níbi tí wọ́n ti lọ bá Gẹ̀ẹ́sì ja ogun tirẹ̀.