Níbo ni Àmì Ọ̀rọ̀ Yorùbá Ti Ń Sọnù Lórí Kọ̀ǹpútà?

1.0 Ìfáárà
Olùkọ́ Yorùbá a kọ Ọjà'ba pẹ̀lú àmì tí ó pé, ṣùgbọ́n ?jà'ba ni ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí yóò rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọtọ́ wa ni a máa ń dá lẹ́bi, a ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ àmì kúrò. Bẹ́ẹ̀ ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ ìka tí ó ṣẹ̀.

2.0 Ìdì àti Atúdì
Kọ̀ǹpútà kì í fi odidi iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìdì kéékèèké ni ó máa ń dì í sí. Àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ àti ti olùgbà wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan. Báìtì, ìyẹn nọ́ńbà tí ó dúró fún lẹ́tà, ni ó wà nínú rẹ̀. A ó pe irinṣẹ́ tí ó ń ṣe ẹ̀dà àwọn ìdì wọ̀nyí tí ó sì ń tú wọn wò ní atúdì. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni Wireshark. Gerald Combs ni ó gbé e jáde ní 1998 pẹ̀lú orúkọ Ethereal. Ní 2006 ni orúkọ náà yí padà. Ọ̀fẹ́ ni.

3.0 Àyẹ̀wò
Ká ní kọ̀ǹpútà méjì tí a so pọ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Màpó. Èkíní ní ojú-ìwé tí a kọ Ọjà'ba sí. Èkejì fẹ́ ṣí i nípasẹ̀ HTTP. A ó ṣí atúdì lórí èkejì, a ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdì, a ó ṣí ojú-ìwé náà, a ó sì dá atúdì dúró. A ó wá kọ http sí àyè àṣàyàn kí ìdì mìíràn má baà dí wa lójú. Ní ìlànà UTF-8, E1 BB 8C ni Ọ, C3 A0 sì ni à.

(a) Bí 3F bá wà ní ipò Ọ, àmì ìbéèrè nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ tó kúrò nílé ni lẹ́tà ti sọnù. Ìlànà àtijọ́ ISO 8859-1 mọ à, kò mọ Ọ. Ìdí nìyí tí à fi yè.
(b) Bí E1 BB 8C bá pé nínú ìdì, tí á»Œ sì hàn lójú kọ̀ǹpútà, olùgbà ni kò mọ̀ ọ́n kà.
(d) Bí báìtì bá pé, tí olùgbà sì mọ ìlànà náà, tí ó jẹ́ àpótí òfìfo ni ó hàn, irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà náà ń lò ni kò ní Ọ.
(e) ẹ́ lè jẹ́ E1 BA B9 CC 81, ó sì lè jẹ́ C3 A9 CC A3. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a ní kó wá ọ̀kan lè fo èkejì dá.

4.0 Ìkìlọ̀
Bí ó bá jẹ́ HTTPS, àdírẹ́sì ni atúdì yóò rí. Ọ̀rọ̀ inú ìdì ti di àdììtú. Bákan náà, òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní 2015 ka yíyọjú sí ìdì onídìí láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ti ara wa ni kí a máa tú.

5.0 Ìgúnlẹ̀
Nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò, kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi àkọtọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ àmì, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tú ìdì wò.