Asofẹ́yẹjẹ: Egbòogi Tó Ń Wo Ni, Tó sì Lè Gbé Ni Ṣubú

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí ènìyàn ti lè dúró wo òkè Olósùnta, igi kékeré kan wà tí èmi àti àwọn àbúrò mi kì í fọwọ́ kàn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin yí ẹ̀ka ká, oje funfun a máa dà lára rẹ̀ bí a bá gé e, èso rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá wa àgbà a máa wí fún wa pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹyẹ ló so fún, kò so fún yín." Asofẹ́yẹjẹ ni igi náà.

N kò ronú kan igi yìí mọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi dìde lórí ibùsùn, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì péré, tí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá mi ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó bá a ní 80 lórí 50. Ẹni tí à ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga jù! Dókítà bèèrè pé, "Bàbá, kí lẹ tún ń lò mọ́ oògùn wa?" Bàbá mi ní àwọn kò lo nǹkan kan. Ìyá mi kò fèsì. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì gbé ìgò àgbo kan dé. Egbò asofẹ́yẹjẹ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Ìsẹ̀-Èkìtì ló júwe rẹ̀ fún wọn.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Ṣé irọ́ ni ọ̀rẹ́ bàbá mi pa? Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi egbò igi yìí tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Aláìsàn á mu ún, á sùn fọnfọn, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣe ìwádìí láàrin àwọn oníṣègùn wa, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ti ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lámbò kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn; ó pè wọ́n mọ́ra.

Ní Íńdíà, wọ́n ní igi kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Ní 1931, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ̀wé pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń ran alárùn ọpọlọ lọ́wọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà kan jáde láti inú igi náà, wọ́n pè é ní reserpine. Èròjà yìí kan náà wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà káàkiri àgbáyé fi kọ ọ́ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kí oògùn mìíràn tó gba ipò rẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Iṣan ara wa ní èròjà tó fi ń rán iṣẹ́ sí ọkàn pé kó yára lù, àti sí òpó ẹ̀jẹ̀ pé kó fún. Reserpine a máa tú àká tí iṣan ń kó èròjà náà pamọ́ sí, títí àká yóò fi ṣófo. Ọkàn á rọra máa lù, òpó á tú, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó hàn, kì í sì í tètè kúrò lára lẹ́yìn tí a bá dá a dúró. Bàbá mi mu ife kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò rí ìyàtọ̀, wọ́n bá sọ ọ́ di méjì.

Ewu rẹ̀

- Ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá ààlà, pàápàá bí a bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn.
- Ìbànújẹ́ ọkàn lè wọlé, títí kan èrò láti pa ara ẹni. Àká inú ọpọlọ náà ń ṣófo.
- Ó lè fa imú dídí, ìgbẹ́ gbuuru àti ọgbẹ́ inú. Bí ó bá pọ̀ lára, ọwọ́ lè máa gbọ̀n.
- Kò yẹ aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, nítorí ó ń dé ara ọmọ.

Nígbà tí reserpine jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, 0.1 sí 0.25 mílígíráàmù ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru sábà máa ń lò lójúmọ́. Ta ló lè wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Egbò igi kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ má ṣe po asofẹ́yẹjẹ fúnra yín. Ẹ má sì fi pa pọ̀ mọ́ oògùn dókítà. Bí ẹ bá ti ń mu ún, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì gbé ìgò náà dání lọ.

Mo bi bàbá mi léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọ́n fi parọ́ fún dókítà. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ti pariwo mọ́ àwọn níwájú èrò rí nítorí àgbo, láti ọjọ́ náà ni àwọn ti panu mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ìṣubú náà lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi àwọn àgbà wa. Ẹni tí a bá dójú tì yóò fi ìgò rẹ̀ pamọ́.

Ara bàbá mi ti yá báyìí. Igi náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. A kò gé e. Àwọn ẹyẹ ń jẹ èso wọn lọ.