ÀRÙN A-TINÚ-AFẸ́FẸ́-RÀN NÍNÚ ỌKỌ̀ AKÉRÒ: ÀLÀYÉ FÚN OLÙKỌ́ ÀTI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàárín ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí àrùn ṣe ń ti inú èémí ẹnì kan bọ́ sínú ti ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ akérò.

Ẹ̀rí láti inú ìtàn
Àrùn kò lẹ́sẹ̀. Èrò ni ó ń bá rìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn influenza dé èbúté Èkó, rélùwéè sì wà lára ohun tí ó gbé e wọ àárín ilẹ̀. Ojú irin yẹn kan náà ni ó gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, ènìyàn 127 ti Ivory Coast gba orí ilẹ̀ dé Ẹjìgbò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yà wọ́n sọ́tọ̀; àyẹ̀wò fi hàn pé ó lé ní mẹ́wàá nínú wọn tí ó ní àrùn COVID-19.

Bí ó ṣe ń ràn
Bí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tí ó sín, ẹ̀kán itọ́ tí ó tóbi a máa tètè jábọ́ nítòsí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, orin kíkọ, àní mímí lásán, a máa tú ẹ̀kán wínníwínní tí ojú kò rí jáde. Ìwọ̀nyí a máa rọ̀ sójú afẹ́fẹ́ bí èéfín inú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, bọ́ọ̀sì méjì gbé èrò lọ síbi ìsìn kan ní Zhejiang, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ènìyàn 60 wà nínú ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó kó àrùn nínú wọn. Ènìyàn 68 wà nínú èkejì, ọ̀kan nínú wọn ti ní COVID-19. Àwọn 23 mìíràn ni ó kó o, títí kan àwọn tí ó jókòó jìnnà sí i. Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ náà ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po ni, kò fa tuntun wọlé.

Ohun tí ó kàn wá
Ẹni tí ó ń ti Èkó-Ẹndẹ lọ sí Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù mọ̀ pé bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí ọyẹ́ bá gbé eruku dé, fèrèsé ni a kọ́kọ́ ń tì. Ọ̀pọ̀ gbà pé atẹ́gùn ní ń fa ọ̀fìnkìn. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́: atẹ́gùn tí ó ń wọlé ní ń fọ́n kòkòrò àrùn ká.

Àgbálọgbábọ̀
Kí olùkọ́ fín lọ́fínńdà sí igun kíláàsì tí a ti fèrèsé rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ìgbà tí òórùn náà kàn wọ́n àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó lọ. Kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n tún un ṣe. Òórùn kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ní ń gbé méjèèjì. Ọmọ tí ó bá rí èyí yóò lè bẹ awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ó ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹni tí ó ń wúkọ́ lo ìbòmú, tàbí kí ó dúró sílé bí ó bá ṣeé ṣe. Kò sí èyí tí ó lé owó ọkọ̀ nínú ìwọ̀nyí.