Àríyànjiyàn lórí Fiducia Supplicans ní Nàìjíríà

Fiducia Supplicans jẹ́ ìwé ìkéde tí ẹ̀ka Fátíkàn tó ń mójútó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, pẹ̀lú ìfọwọ́sí Póòpù Francis. Ó gba àwọn àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì (tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní Ìjọ Àgùdà) láàyè láti súre fún àwọn ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ń gbé láìṣe ìgbéyàwó Ìjọ, títí kan ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, bí ìsúre náà kò bá ti jẹ́ ara ètò ìsìn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà kò gbà kí a lo àyè yìí fún ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ṣùgbọ́n wọn kò kọ Póòpù fúnra rẹ̀. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni àríyànjiyàn náà dúró.

Ìpìlẹ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹ̀ka Fátíkàn kan náà ti kéde pé Ìjọ kò ní agbára láti súre fún ìsopọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Ní oṣù Keje ọdún 2023, kádínà márùn-ún fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Póòpù Francis lórí ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn mìíràn, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ti ń mì. Ọ̀kan nínú wọn ni Kádínà Robert Sarah, ọmọ orílẹ̀-èdè Guinea ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n gbé ìbéèrè náà síta ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, oṣù Kejìlá sì ni ìkéde tuntun dé. Kádínà Víctor Manuel Fernández, ọmọ Argentina, ni ó fọwọ́ sí i.

Ìwé náà kò yí ẹ̀kọ́ nípa ìgbéyàwó padà. Ó tún un sọ pé láàárín ọkùnrin kan àti obìnrin kan nìkan ni ìgbéyàwó ti lè wà, pé kò ṣeé tú, àti pé ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ bíbí. Ó kà á léèwọ̀ kí ìsúre náà wáyé níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó ìjọba, tàbí pẹ̀lú aṣọ, ìṣesí àti ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìgbéyàwó. Ìròyìn tó kárí ayé kò dúró gbọ́ apá yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà ni pé Póòpù ti fọwọ́ sí i.

Èsì àwọn bíṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ kejì ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Màláwì fèsì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, Ìpàdé Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Nàìjíríà, tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Lucius Ugorji ti Òwẹ́rì jẹ́ ààrẹ rẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ tiwọn jáde. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí ìgbéyàwó kò yí padà, àti pé kò sí ọ̀nà tí Ìjọ lè gbà súre fún ìsopọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, nítorí ó lòdì sí òfin Ọlọ́run, sí ẹ̀kọ́ Ìjọ, sí òfin orílẹ̀-èdè àti sí àṣà àwọn ènìyàn. Wọ́n rọ àwọn tí ìgbé-ayé wọn kò bá ìlànà Ìjọ mu pé kí wọ́n má sọ ìrètí nù.

Òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n tọ́ka sí ni èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé òfin ìjọba àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù to méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí Fátíkàn ṣàlàyé síwájú sí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2024, ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní kò sí ìdí láti ta ko ìwé náà ní ti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n pé níbi tí òfin ti lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n tàbí pa á, kò bọ́gbọ́n mu láti ṣe irú ìsúre bẹ́ẹ̀. Ó fi kún un pé ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí 15 ni ìsúre náà máa gbà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní, Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà àti Madagáskà (SECAM), kọ lẹ́tà láti Accra pé kò ní sí irú ìsúre bẹ́ẹ̀ ní àwọn Ìjọ Áfíríkà. Kókó tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí yàtọ̀ ni pé Póòpù àti Kádínà Fernández fọwọ́ sí i. Báyìí ni Áfíríkà ṣe kọ ohun tí Róòmù gbà láyè, tí Róòmù sì gbà kí Áfíríkà kọ̀ ọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo Áfíríkà ló fẹnu kò: àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àríwá Áfíríkà sọ láàárín oṣù kan náà pé àwọn lè ṣe ìsúre náà. Nígbà tí ìwé ìròyìn La Stampa bi Francis léèrè ní ìparí oṣù náà, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Áfíríkà yàtọ̀ nítorí àṣà wọn. Èsì yìí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, torí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti fi òfin Ọlọ́run ṣáájú àṣà nínú ìdí tí wọ́n fi kọ̀.

Ìṣòro èdè

Ní èdè Yorùbá, ìyàtọ̀ tí ìwé náà gbára lé ṣòroó sọ. Ó ní àwọn ènìyàn méjì náà ni a ń súre fún, kì í ṣe ìsopọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ń gbé báyìí ni tọkọtaya, ọkọ àti aya sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lò ó ti pe wọ́n ní ọkọ àti aya kí àlùfáà tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kejì ni ìbùkún, tí ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ kí a bu nǹkan kún nǹkan. Bí a bá bùkún ohun kan, a fẹ́ kó máa pọ̀ sí i. Súre àti wúre, tí ire wà nínú wọn, ló súnmọ́ ohun tí ìwé náà ní lọ́kàn jù.

Síbẹ̀, ìwúre pàápàá wúwo. Ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà àti ní àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù, bíi ti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, àwọn òbí a máa wúre fún ọmọ wọn lọ́jọ́ ìdána, ọkọ a dọ̀bálẹ̀, ìyàwó a kúnlẹ̀. Ìwúre náà lè má gùn, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ti dúró lé e. Níbi tí a ti mọ ìwúre báyìí, àlàyé pé ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré ni kò lè fi ọkàn ènìyàn balẹ̀.

Láàárín àwọn Kristẹni mìíràn

Àwọn Áńgílíkà ti wà nínú ìjà yìí tipẹ́. Ọdún 2008 ni Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, wà lára àwọn tó dá GAFCON sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọjọ́ kan ṣáájú ìkéde Fátíkàn, ni Ìjọ England bẹ̀rẹ̀ sí í lo àdúrà fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà: Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Canterbury kó sì máa jẹ́ Áńgílíkà lọ. Kátólíìkì tó bá ya kúrò lọ́dọ̀ Póòpù kò jẹ́ Kátólíìkì mọ́ lójú òfin Ìjọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà SECAM fi tún un sọ pé Ìjọ Áfíríkà wà pẹ̀lú Póòpù.

Oníyàwó púpọ̀

Apá tí kò gba ariwo ni ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá jù. Ìwé náà tún sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin àti obìnrin tí ìsopọ̀ wọn kò bá ìlànà Ìjọ mu, èyí tó kan ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní aya ju ọ̀kan lọ, tí kò lè gba Ara Olúwa, kò jìnnà sí èyí. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1983, ẹsẹ 1148, sọ pé ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ tó bá ṣèrìbọmi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn aya náà. Ó tún ní kí a rí i pé àwọn tó kù kò jìyà. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ oníyàwó púpọ̀ ti jẹ mọ́ ìdásílẹ̀ àwọn ìjọ aláfíríkà bíi United Native African Church ní ọdún 1891.

Ìpàdé Sínódì ti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ní Róòmù rọ SECAM pé kó ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, lábẹ́ Póòpù Leo XIV tí wọ́n yàn lẹ́yìn ikú Francis, Fátíkàn gbé ìwé Una Caro jáde, tó gbé ìgbéyàwó aláya-kan lárugẹ.